Ṣíbí Méjì Láàárọ̀, Ṣíbí Méjì Lálẹ́

Lateefat tó ń gbálẹ̀ ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé kan ní Surulere ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi. Orí bẹ́ńṣì kan náà ni èmi àti òun jọ ń jókòó ní kíláàsì àwọn àgbà. Ó ní bí mo bá ti mọ ìwé kọ tán, ti Làbákẹ́ àti Yẹ̀kínnì ni kí n kọ́kọ́ kọ, torí ojú òun ló ṣe. Mo ti mọ̀ ọ́n kọ. Òun nìyí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni, nínú oṣù kejì, oòrùn mú débi pé àwọn ìyá ọmọ ń fi káàdì ilé ìwòsàn fẹ́ ara wọn. Ọkùnrin kan gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Ó ga, ó dúdú, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ nípọn bíi ti ẹni tó ń fi iṣẹ́ ọwọ́ jẹun, ó sì pọn ọmọ sẹ́yìn. Ọmọ náà kì í ṣe ọmọ ọwọ́ o. Ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́fà ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn débi pé bàtà ilé ìwé rẹ̀ ń gbá bàbá náà ní orúnkún. Àǹkárá aláwọ̀ ewé ló fi pọ̀n ọ́n, ó gbá a mọ́ra, ó sì so ó mọ́ àyà bí abiyamọ tó ti pọn mẹ́rin rí.

"Bàbá, ẹ jókòó kẹ́ ẹ fún un lọ́mú!" Ìyá kan ló ké bẹ́ẹ̀.

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀," òmíràn dá a lóhùn. "Ọlọ́run ṣáà jẹ́ kí ọkọ tèmi náà rí wọn."

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí nọ́ọ̀sì ní kó sọ ọmọ kalẹ̀ kí wọ́n lè wọn bó ṣe wúwo tó, kò sọ̀ ọ́. Ó ní òun á gun ìwọ̀n pẹ̀lú ọmọ, kí wọ́n wọn òun nìkan tó bá yá, kí wọ́n sì yọ tòun kúrò.

Làbákẹ́ ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé tí wọ́n ti ń gba oògùn. Òun ló ń fún àwọn èèyàn ní oògùn níbẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n bí sí Sábó ní Yaba, kò tíì lọ́kọ. Ó rí i pé ọmọ náà ti fi ojú pamọ́ sí ẹ̀yìn bàbá rẹ̀. Ó rí i pé etí àǹkárá náà ti rin. Ó yé e lójú ẹsẹ̀. Àṣírí ọmọ ni bàbá yìí ń fi aṣọ bò.

Ó jáde síta, ó ní, "Bàbá, ẹ tẹ̀ lé mi." Ó mú wọn gba ẹ̀yìnkùlé lọ sí balùwẹ̀, ó gbé omi fún wọn, ó fún wọn ní ọṣẹ àti pátá ọmọdé tó mọ́. Kò bi wọ́n ní nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n jáde, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni ọmọ náà fi ń rìn.

Lẹ́yìn tí Dókítà Ọlọ́runfúnmi ti yẹ ọmọ wò tán, ọkùnrin náà mú ìwé oògùn wá sí fèrèsé.

"Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun àná o."

"Àná kọ́, ìsinsìnyí ni. Èmi kì í sì í ṣe nọ́ọ̀sì."

"Àǹtí Olóògùn, ẹ dárí jì mí." Ó gbé ìwé sílẹ̀. "Dókítà sọ̀rọ̀, mo ń mi orí, ṣùgbọ́n kò yé mi. Ó ní ìgbẹ́ ló dí ọmọ mi nínú. Ọmọ tí ìgbẹ́ ń jò lára ẹ̀ lójoojúmọ́! Èmi rò pé ìgbẹ́ gbuuru ni."

"Ọ̀pọ̀ ló ń rò bẹ́ẹ̀. Èyí tó le ló jókòó sínú. Èyí tó ń jò, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ń yọ́ gbà. Ọmọ náà kò mọ̀gbà tó ń jáde. Ẹ má ṣe nà án."

"Mi ò nà án rí."

"Mo mọ̀."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Mo rí bí ẹ ṣe pọ̀n ọ́n."

Ọkùnrin náà sún mọ́ fèrèsé. Ó wá sọ fún un pé Yẹ̀kínnì ni orúkọ òun, pé ìjókòó ọkọ̀ ni òun ń rán ní Ìdí-Òrò ní Mushin, pé Aneesah ni ọmọ náà ń jẹ́. Ìyá ọmọ ti kú láti ìgbà tó wà ní ọmọ ọdún méjì. Láti ìgbà náà ni ìgbẹ́ rẹ̀ ti ń le, tó lè lo ọjọ́ mẹ́wàá kó má yà. Ní ilé ìwé, àwọn ọmọ ń pè é ní Ṣalángá. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀gá ilé ìwé ní kí wọ́n má mú un wá mọ́ títí ara rẹ̀ á fi dá.

"Ó fẹ́ràn ìwé," ni Yẹ̀kínnì wí. "Ìyẹn ló dùn mí jù. Ohun kan ṣoṣo tí mo ń fẹ́ ni kó padà sí kíláàsì, kí ẹnikẹ́ni má di imú mọ́."

Làbákẹ́ to oògùn sílẹ̀ níwájú rẹ̀. "Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ìyẹ̀fun inú ọ̀rá kéékèèké yìí, omi lẹ ó pò ó mọ́. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, á máa pọ̀ sí i lójoojúmọ́ bí Dókítà ṣe kọ ọ́, títí gbogbo ohun tó ti dì á fi jáde. Ilé á dàrú díẹ̀ o, ẹ má bẹ̀rù. Bí inú bá ti ṣófo, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ olómi inú ìgò yìí. Ṣíbí méjì láàárọ̀, ṣíbí méjì lálẹ́."

"Fún ọjọ́ mélòó?"

"Ọjọ́ kẹ̀? Oṣù ni. Oṣù mẹ́fà, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀. Ìfun tí ẹrù ti fẹ̀, kì í súnkì lọ́jọ́ kan. Ẹni tó bá dá oògùn dúró torí pé ọmọ yà lẹ́ẹ̀mejì, ìbẹ̀rẹ̀ ló padà sí yẹn."

Ó fún un ní ìwé kékeré kan láti máa kọ ọjọ́ tí ọmọ bá yà àti bó ṣe rí. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe níbẹ̀ nìyẹn. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, Làbákẹ́ á pe àwọn òbí tí ọmọ wọn ń lo oògùn pípẹ́, á béèrè, á kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́, Làbákẹ́ kò tíì sọ̀rọ̀ tán lórí fóònù tí Yẹ̀kínnì fi pariwo. "Àǹtí Olóògùn, ó ti dé o!"

"Ta ló dé?"

"Ìgbẹ́! Ó kún póò! Gbogbo ará ilé ló wá wò ó. Màmá mi ní irú rẹ̀ ò tíì wọ ilé àwọn rí!"

Làbákẹ́ rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó. Lateefat tó ń fọ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní, "Kí ló dé tó o fi ń rẹ́rìn-ín báyìí? Ṣé ọkọ lo rí ni?"

"Oníbàárà ni."

"Ẹ kú oníbàárà."

Nígbà tó yá, Yẹ̀kínnì kò dúró de ọjọ́ Ẹtì mọ́. Á pè ní ọjọ́ Ajé, á pè ní Ọjọ́rú. Lateefat kò tún bi í pé ta ni. Bí fóònù bá ti dún, á kàn ní, "Ọkọ ìgbẹ́ ẹ ti ń pè."

"Ó rọ̀ lónìí," Yẹ̀kínnì wí ní ọ̀sán ọjọ́ kan. "Ó gùn, ó sì dán. Àfi bí ọ̀gẹ̀dẹ̀."

"Ẹ ṣeun o. Oúnjẹ ni mò ń jẹ lọ́wọ́."

"Ẹ gbà mí! Kí lẹ ń jẹ?"

"Mo ti ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín pọ̀ títí owó tó wà lórí fóònù fi tán.

Làbákẹ́ bi í bóyá ẹsẹ̀ Aneesah máa ń kanlẹ̀ bó bá jókòó yàgbẹ́. Yẹ̀kínnì ní rárá, ó máa ń mì dìrodìro ni. Làbákẹ́ ní kí ó wá nǹkan sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, kí orúnkún lè ga, torí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kanlẹ̀ kò lè gin dáadáa. Ọjọ́ kẹta, Yẹ̀kínnì gbé àpótí kékeré kan wá sí ilé ìwòsàn. Ó ti fi tìmùtìmù sí i lórí, ó sì fi awọ pupa ìjókòó ọkọ̀ bò ó, ó rán an yíká bí ẹni pé ọba ló fẹ́ gbé ẹsẹ̀ lé e.

"Ẹ rí iṣẹ́ ọkùnrin!" ni Lateefat wí. "Èmi tí mo lọ́kọ, orí bíríkì ni mò ń jókòó."

Làbákẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ pa àpótí náà. "Ẹ sọ fún Aneesah pé Ìjẹ̀ṣà ni mí. Àwọn baba wa a máa lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà èèyàn títí wọ́n á fi gba ohun tí wọ́n wá gbà. Kí òun náà máa jókòó ti póò lẹ́yìn oúnjẹ, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó má dìde lọ́wọ́ òfo."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Yẹ̀kínnì sìn ín lọ síbi tó ti máa wọ kẹ̀kẹ́ padà sí Yaba. Wọ́n rọra ń rìn. Kẹ̀kẹ́ mẹ́ta kọjá, Làbákẹ́ kò dá ọ̀kankan dúró.

"Làbákẹ́," Yẹ̀kínnì wí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó pe orúkọ rẹ̀ láìfi Àǹtí ṣáájú. "Mo ní ọ̀rọ̀ kan láti bá ọ sọ. Ṣùgbọ́n n kò ní sọ ọ́ lónìí. Mo ti bá ara mi pinnu pé ó dọjọ́ tí ọmọ yìí bá padà sí ilé ìwé. Mi ò fẹ́ kí obìnrin wọlé mi torí àánú, kó tún sá jáde torí òórùn."

Làbákẹ́ wo iwájú. "O ò tíì sọ ọ́," ó wí jẹ́jẹ́, "ṣùgbọ́n mo ti gbọ́."

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ fi lọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n wọlé sáà tuntun lẹ́yìn ọdún Àjíǹde, Yẹ̀kínnì mú Aneesah padà sí ilé ìwé. Ó lo ọjọ́ Ajé, ó lo ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ní Ọjọ́rú, wọ́n pe bàbá rẹ̀. Ó bá ọmọ lórí pèpéle lẹ́yìn kíláàsì, òun nìkan, yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀ ti bàjẹ́ láti ẹ̀yìn dé ìbọ̀sẹ̀. Ọ̀gá ilé ìwé ní kó má tún mú un wá láìsí ìwé dókítà lọ́wọ́.

Yẹ̀kínnì lọ tààrà sí ilé ìwòsàn. Làbákẹ́ ṣí ìwé kékeré náà, ó rí i pé láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ìgbẹ́ ti tún ń le, tó sì ti ń fo ọjọ́ mẹ́rin, ọjọ́ márùn-ún. Lórí fóònù, Yẹ̀kínnì ti ní ó kàn ń pẹ́ díẹ̀ ni.

"Ṣé ẹ ń fún un ní oògùn ṣá?"

"Ojoojúmọ́. Èmi láàárọ̀, Màmá lálẹ́."

"Yẹ̀kínnì, sọ òótọ́ fún mi. Bí ara ọmọ bá ti ń yá, ọ̀pọ̀ bàbá ló máa ń—"

"Ọ̀pọ̀ bàbá?" Ojú rẹ̀ yí padà. "Èmi ni o wá kà mọ́ ọ̀pọ̀ bàbá? Èmi tí mò ń kọ ìgbẹ́ sínú ìwé bí akọ̀wé?"

"Mi ò pè ọ́ ní òpùrọ́."

"O ti pè mí."

Ó mú ìwé rẹ̀, ó jáde. Ọjọ́ Ẹtì, Làbákẹ́ pè é, kò gbé e. Ọjọ́ Ẹtì kejì, kò gbé e. Lateefat kò ṣe yẹ̀yẹ́ kankan. Ó kàn gbé omi fún un, ó ní kó fọ ojú, kí àwọn oníbàárà má baà rí i.

Ọjọ́ Ẹtì kẹta, Làbákẹ́ gba àyè lọ́wọ́ dókítà, ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Mushin. Ó bi àwọn aránjókòó ní Ìdí-Òrò, wọ́n nawọ́ ilé Yẹ̀kínnì sí i. Ilé alájà kan tó ti pẹ́ ni, gọ́tà gba iwájú rẹ̀ kọjá. Aneesah nìkan ló wà ní ẹnu ọ̀nà, ó ń fi èédú kọ ABD sára ògiri.

"Àǹtí Olóògùn! Ẹ káàsán, mà." Ó kúnlẹ̀. Ó wá wo ẹ̀yìn bí ẹni tó fẹ́ fẹjọ́ sùn. "Oògùn yín ò dùn mọ́."

"Kò dùn mọ́ báwo?"

"Ó ti ń korò. Dádì ní bí mo bá gbé e mì, àwọn á fún mi ní bisikíìtì."

Làbákẹ́ ní kó lọ gbé ìgò náà wá. Ó dà á sórí ahọ́n díẹ̀. Ojú rẹ̀ fún pọ̀. Àgbo ni! Wọ́n ti pò ó dáadáa kí àwọ̀ rẹ̀ lè jọ ti oògùn. Yẹ̀kínnì tí kò tọ́ ọ wò rí ti ń fi òtítọ́ inú wọn àgbo fún ọmọ rẹ̀ láràárọ̀.

Ìgbà náà ni ìyá Yẹ̀kínnì jáde pẹ̀lú àwo ẹ̀gúsí tó ń pa lọ́wọ́. Ó rí àlejò, ó rí ìgò. Ó dúró.

Bí Làbákẹ́ bá fẹ́, ó lè pariwo. Ibi tí Yẹ̀kínnì ti ń ṣiṣẹ́ kò ju ìkọjá ọ̀nà lọ, á sì hàn gbangba pé ẹ̀bi kì í ṣe ti òun tàbí ti Yẹ̀kínnì. Ṣùgbọ́n ó kúnlẹ̀ kí ìyá àgbà náà, ó jókòó sórí pèpéle, ó mú ẹ̀gúsí kan nínú àwo, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a pa á.

"Màmá," ó wí nígbà tó yá, "kí lẹ fi sè é?"

Màmá kò wò ó. "Egbò igi ni. Kò sí nǹkan burúkú níbẹ̀. Àgbo jẹ̀dí-jẹ̀dí tí ìyá mi fi wò mí ni."

"Oògùn tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ńkọ́?"

"Mo dà á nù. Mo tọ́ ọ wò, ó dùn bí oyin." Ohùn rẹ̀ le. "Ọmọ tí jẹ̀dí ń ṣe, ẹ tún ń fún un ní nǹkan dídùn! Ta ni kò mọ̀ pé adùn ló ń dá jẹ̀dí sílẹ̀? Ojoojúmọ́ ló sì ń rọ́ lára rẹ̀ nígbà tí ẹ kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Mo ní oyìnbó fẹ́ gbọn ìfun ọmọ mi dànù." Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú àwo. "Mo sin ìyá ẹ̀. Ọwọ́ mi ló kú sí. Mi ò ní jókòó kí n máa wòran ọmọ ẹ̀ náà."

Làbákẹ́ gbé ẹ̀gúsí ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó wá nawọ́ sí gọ́tà iwájú wọn. Iyanrìn àti ọ̀rá ti di àárín rẹ̀ gbagidi, omi dúdú sì ń yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ kan.

"Màmá, ṣé gọ́tà yìí ń ṣàn?"

"Ó ń ṣàn díẹ̀."

"Ṣé ó ṣí?"

"Kò ṣí. Àwọn ará ibí yìí ọ̀lẹ, wọn ò kó o."

"Bí ẹnì kan bá wá rí omi tó ń yọ́ yìí, tó ní omi ti pọ̀ jù, tó wá bu sìmẹ́ńtì dí ẹ̀gbẹ́ yẹn náà ńkọ́?"

"Á ya wọ inú ilé wa ni." Màmá gbé ojú sókè. Ó wo gọ́tà, ó wo ọmọ tó ń kọ̀wé sára ògiri, ó tún wo gọ́tà. "Háà," ó wí.

"Ohun tó wà nínú Aneesah nìyẹn. Dídùn oògùn yìí kì í ṣe bíi ti ṣúgà. Ara kì í gbà á sínú ẹ̀jẹ̀. Inú ìfun ló ń jókòó sí, á máa fa omi mọ́ra, omi yẹn ló ń mú ìgbẹ́ rọ̀. Bó bá dùn, ọmọ á gbé e mì láìjà. Ẹ̀bi mi ni, Màmá. Bàbá rẹ̀ nìkan ni mo kọ́. Mi ò béèrè ẹni tó ń tọ́jú ilé."

Màmá fi etí aṣọ nu ojú. "Ta ló máa sọ fún Yẹ̀kínnì?"

"Ẹ̀yin ni. Bí èmi bá sọ ọ́, ó di ẹjọ́. Bí ẹ̀yin bá sọ ọ́, ọ̀rọ̀ ilé ni."

Ìyá àgbà náà yí ojú sí i, ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀ bí ẹni tó ń wo aṣọ tó fẹ́ rà. "Ọmọ ta ni ọ́?"

"Ọmọ Oyèníran ni mí, mà. Ní Sábó."

"Ẹni tó kọ́ ẹ kò jìyà lásán."

Aneesah ló sáré lọ pe bàbá rẹ̀. Yẹ̀kínnì dé pẹ̀lú òwú ìránṣọ tó ṣì wà lára aṣọ rẹ̀, ó rí Làbákẹ́, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Màmá kò jẹ́ kó jókòó. Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ pátá, kò fi ẹyọ kan pa mọ́. Yẹ̀kínnì gbé ìgò, ó tọ́ ọ wò, ó tu ú dànù.

"Mo fún ọmọ mi ní èyí láràárọ̀," ó wí. "Mo tún ń fi bisikíìtì bẹ̀ ẹ́."

"Bínú sí mi," Màmá wí. "Má bínú sí i."

"Màmá, ta ni mo fẹ́ bínú sí? Gbogbo wa la fẹ́ kó yè." Ó wá yíjú sí Làbákẹ́. "Ìwọ ni mo ṣẹ̀. Mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbójú kúrò lára rẹ."

"Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ni," Làbákẹ́ wí. "Mo kà á."

Màmá gbé àwo ẹ̀gúsí rẹ̀, ó ní kí Aneesah tẹ̀ lé òun wọlé, kí wọ́n lọ wo nǹkan kan níbẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Dókítà Ọlọ́runfúnmi tún kọ oògùn oníyẹ̀fun, inú tún ṣófo, olómi tún dé. Lọ́tẹ̀ yìí, Màmá ló di aláṣẹ rẹ̀. Bó bá kírun ìdájí tán, ìgò ló kàn. Bí àwọn ará àdúgbò bá ní kó fún ọmọ ní àgbo, á ní kí wọ́n wá wo gọ́tà. Ọmọdé tó bá bá Aneesah ṣeré kọjá àkókò ìjókòó lórí póò, ìyá rẹ̀ á gbọ́. Ó tiẹ̀ pe Làbákẹ́ sí kọ̀rọ̀ ní ọjọ́ kan, ó bi í ní ohùn ìsàlẹ̀ pé, "Oògùn yìí, ṣé ti àgbà náà wà?"

"Ó wà, Màmá. Ẹ ó kọ́kọ́ rí dókítà tiyín."

"Má sọ fún Yẹ̀kínnì."

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan, mà."

Oṣù karùn-ún parí, ìkẹfà parí, ìkeje parí. Nínú ìwé kékeré náà, ọjọ́ kan kò fo mọ́. Yẹ̀kínnì ń pè, Làbákẹ́ ń kọ ọ́ sílẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n á máa sọ ọ̀rọ̀ tí kò kan ìgbẹ́ rárá. Ó sọ fún un nípa ìyàwó rẹ̀ tó kú, bó ṣe máa ń kọrin tí kò mọ orin. Làbákẹ́ sọ fún un nípa Sylvester, ẹni tó fi ọdún mẹ́rin ṣèlérí fún un tó sì lọ fẹ́ ẹlòmíràn ní ìlú Abúja. Yẹ̀kínnì ní òun yóò rán ìjókòó fún Sylvester lọ́fẹ̀ẹ́, òun á sì gbàgbé abẹ́rẹ́ kan sínú rẹ̀.

Ní ọjọ́ kan nínú oṣù kẹjọ, Dókítà Ọlọ́runfúnmi tẹ ikùn Aneesah, ó ní ó rọ̀. Ó ní kí wọ́n ṣì máa lo oògùn lọ, pé àwọn á máa dín in kù díẹ̀díẹ̀, kò ní dúró lójijì. Ó wá kọ ìwé fún ọ̀gá ilé ìwé. Yẹ̀kínnì mú ìwé náà lọ sí fèrèsé. Kò kà á fún un. Ó kàn tẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì.

"Ṣé kí n sọ ọ́ wàyí?"

"O ní ó dọjọ́ tó bá padà sí ilé ìwé. Ìwé ni mo rí yìí."

"Làbákẹ́, ṣàánú mi."

"Sọ ọ́."

"Jẹ́ kí n fẹ́ ọ. Mo ní ọmọ kan, ìyá kan, ẹ̀rọ ìránṣọ méjì. Gbogbo wa la fẹ́ ọ, ṣùgbọ́n èmi ni mo kọ́kọ́ rí ọ."

"Ó pẹ́ kó tó dé," Làbákẹ́ wí. Ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì ti dé ojú rẹ̀. "Àfi bí ìgbẹ́ ọmọ ẹ. Mo gbà."

Lẹ́yìn ìlà àwọn tó ń dúró gba oògùn, Lateefat ju ìgbálẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ó pàtẹ́wọ́.

Bàbá Oyèníran ní Sábó kò rọrùn. Ẹni tó ń ta ẹ̀yà ara sítóòfù láti ogójì ọdún ni, kì í yára sọ bẹ́ẹ̀ ni. Ó jẹ́ kí Yẹ̀kínnì àti Màmá jókòó, ó jẹ́ kí wọ́n mu omi, ó ní, "Ọkùnrin yìí dára. Ṣùgbọ́n Mùsùlùmí ni yín, Kìrìsìtẹ́nì ni wá. Báwo la ó ti ṣe é?"

Yẹ̀kínnì la ẹnu, Màmá dá a dúró.

"Bàbá," ó wí, "ọmọ yín wọ ilé mi, ó bá mi lórí ẹ̀ṣẹ̀ mi. Kò pariwo mi. Ó jókòó bá mi pa ẹ̀gúsí. Inú ẹ̀sìn yòówù tí ẹ ti kọ́ ọ níyẹn, kó máa ṣe é lọ nílé mi. Èmi ni mo ní ilé náà."

Bàbá Oyèníran wo ọmọ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. "Ṣé òun lo fẹ́?"

"Òun ni, Bàbá mi."

"Kò ní mú ọ sunkún?"

"Ó ti mú mi sunkún rí. Ó sì ti tọrọ àforíjì."

"Ìyẹn dáa ju ẹni tí kò tíì mú ọ sunkún lọ." Ó na ọwọ́ sí Yẹ̀kínnì. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó náà ní kóòtù ní ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú ìwọlé ilé ìwé. Lẹ́yìn náà, ní pálọ̀ Sábó, ààfáà ṣe àdúrà, pásítọ̀ náà ṣe àdúrà, wọ́n sì jọ jẹ ìrẹsì.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, Màmá fún Aneesah ní oògùn rẹ̀, ó nu ẹnu rẹ̀, ó ní kí ìyàwó tuntun lọ sìn ín, òun ti sìn ín tó. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rìn lọ. Aneesah wà láàárín, ó di Yẹ̀kínnì mú ní ọwọ́ ọ̀tún, ó di Làbákẹ́ mú ní ọwọ́ òsì. Pátá mìíràn wà nínú àpò rẹ̀, bóyá ni.

Ní ẹnu géètì, àwọn ọmọ ń wọlé gìdìgìdì. Yẹ̀kínnì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ṣé ẹ̀rù ń bà ẹ́?"

"Rárá."

"Bí ikùn bá pè ọ́, o ó sọ fún olùkọ́. Wọn ò ní bá ọ wí, mo ti bá wọn sọ̀rọ̀."

"Dádì, mo ti gbọ́. Ẹ ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta."

"Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni," Làbákẹ́ wí.

Agogo dún. Ọmọbìnrin kan tí irun rẹ̀ rí ṣákaṣàka ń kọjá, ó ní, "Aneesah, ṣé ìwọ nìyẹn? Wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi!"

Aneesah fi ọwọ́ àwọn méjèèjì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Yẹ̀kínnì àti Làbákẹ́ gbé ọwọ́ sókè láti juwọ́ sí i, wọ́n sì dúró bẹ́ẹ̀, wọ́n ń retí kó yíjú padà. Ó gba àárín àwọn ọmọ yòókù, ó gun àtẹ̀gùn méjì lẹ́ẹ̀kan, ó wọ kíláàsì lọ. Kò wẹ̀yìn.